Bí Issifou Télọ̀ Ṣe Kú ní Líyọ́ọ̀n

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, Issifou télọ̀ kú ní Líyọ́ọ̀n, ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí kò dé rí láyé rẹ̀. Wọ́n ṣe àdúà fún un ní mọ́sálásí, wọ́n pa àgbò, àwọn ará Málì àti Sẹ̀nẹ̀gàl tí kò mọ̀ ọ́n rí jẹ ẹran náà, wọ́n sì jẹ́rìí pé ènìyàn rere ni. Ní gbogbo àkókò yìí, Issifou wà ní Bantè, ìlú rẹ̀ lókè Kùtọnú, ó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Láti Bantè títí dé Agoua àti Atokoligbé, bí ọkùnrin bá fẹ́ gbéyàwó, tàbí ó fẹ́ aṣọ tí yóò fi kírun ọdún, ṣọ́ọ̀bù Issifou tó wà létí títì ló ń gbà lọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ ni kò mọ́. Bí o bá mú aṣọ tí kò dára tọ̀ ọ́ lọ, yóò bi ọ́ bóyá ewúrẹ́ rẹ lo fẹ́ rán an fún. Bí o bá sanra sí i láàárín ìgbà tó wọ̀n ọ́ àti ìgbà tó rán aṣọ tán, ẹ̀bi rẹ ni. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ rí kí ó ní "mo ṣìṣe". Àwọn kan ní Bantè sọ pé bóyá kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà ni.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni òun àti Adjara ìyàwó rẹ̀ bí, Ramanou. Ọmọ náà ń lọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí kò bá sí ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló ń jókòó sí, ó ń ránṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bíi ti bàbá rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé ẹnu rẹ̀ náà rí bíi ti bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò Alhaji Abdulganiyu ló dá wàhálà sílẹ̀. Alhaji yìí, ará Nàìjíríà tó ń ta epo bẹntiróòlù ní Bantè, ti ṣubú lórí alùpùpù nígbà kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì sì kúrú díẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ṣùgbọ́n lójú Alhaji, kò sí ẹni tó mọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ó wá gbé ṣòkòtò tí Ramanou rán fún un wọ̀, ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ òsì ṣòkòtò náà ń wọ́ nílẹ̀. Àwọn oníbàárà kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

"Issifou," ni Alhaji wí, "ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ."

Issifou yíjú sí ọmọ rẹ̀. "O gbọ́?"

"Bàbá, ṣòkòtò yẹn dọ́gba," ni Ramanou wí. "Ẹsẹ̀ Alhaji ni kò dọ́gba."

Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ, ṣùgbọ́n ta ní ń sọ irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ta epo fún gbogbo ìlú? Issifou gbá a létí lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní kó kúrò níwájú òun, ó ní ẹni tí kò mọ ṣòkòtò rán kò gbọdọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ òun mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí gbogbo ìlú ń lọ kírun, Ramanou ti wọ tasí lọ bá arákùnrin ìyá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti parí ìwé rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti rí ìrànwọ́ gbà tó fi lọ kàwé sí i ní Líyọ́ọ̀n. A máa ránṣẹ́ kí ìyá rẹ̀. Kò kí bàbá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọmọ náà lọ, lẹ́yìn ìrun, Issifou dá nìkan ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ ṣòkòtò tí Alhaji bọ́ sílẹ̀ náà sórí tábìlì, ó wọ̀n ọ́n. Ó dọ́gba. Ó tún un wọ̀n, bóyá téèpù ló ń purọ́. Ó dọ́gba. Ó ká a, ó tì í sísàlẹ̀ àpótí, ó sì jókòó lé àpótí náà lórí. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Issifou ti lo ti òsì. Ti ọ̀tún ni kò mọ ibi tí yóò gbé e gbà, ọdún méje sì kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn ún gan-an. Bí ẹnikẹ́ni bá pe "Ramanou" lójú títì, bó tilẹ̀ jẹ́ Ramanou ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè, yóò dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró ná.

Nígbà tó yá, ìròyìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti Savalou wá. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Chakirath, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kùtọnú dé, ti gbé kọ̀ǹpútà kan sí kabíìnì rẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wá tẹ tẹlifóònù. Wọ́n ní bí o bá kọ lẹ́tà sínú ẹ̀rọ náà ní Savalou, kí o tó mu omi tán, ó ti dé Faransé. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Issifou ní irọ́ ni. Ó ní lẹ́tà tí òun fi ránṣẹ́ sí Tchetti lọ́dún tó kọjá kò tíì dé, bẹ́ẹ̀ Tchetti nìyí.

Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, orúnkún tó fi ń tẹ ẹ̀rọ gan-an. Láàárọ̀, Adjara ló ń fà á dìde lórí ẹní. Á ránṣọ títí di ọ̀sán, orúnkún á kọ̀ fún un, á wá jókòó lásán, á máa wo títì. Níbi tó ti ń wo títì yìí ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á pé òun lè kú kí ọmọ náà tó dé. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ fún Adjara ni pé, "Àdírẹ́sì ẹ̀rọ tí ọmọ rẹ fi ránṣẹ́ sí ọ, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ọmọ mi?" ni Adjara wí. "Èmi nìkan ni mo bí i?"

"Kọ̀wé sí i pé kó wá. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ sọ pé èmi ni mo ní kó wá o."

Lọ́jọ́ ọjà Savalou, Issifou gbé agbádá funfun wọ̀, ó fi òróró pa orúnkún rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ tó ń lọ sí Faransé kì í ṣe ohun tí à ń fi aṣọ iṣẹ́ rán. Kí tasí tó gbé wọn dé Savalou, eruku ọyẹ́ ti sọ agbádá di pupa. Ní kabíìnì Chakirath, àwọn ènìyàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì, bàtà sì kún ẹnu ọ̀nà, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá a máa ń wọ bàtà tọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ. Chakirath ti sọ ọ́ títí pé kò pọn dandan. Ó ti sú u. Òun náà ti ń bọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀rọ náà wà lórí tábìlì, aṣọ léèsì bò ó lórí. Chakirath á kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ gbogbo sínú rẹ̀ tán, á yọ okùn ìdí tẹlifóònù, á kì í bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á wá máa pe Kùtọnú, á máa han gooro bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Gbogbo ilé á dákẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá húkọ́, wọ́n á bá a wí. Bí òjò bá ṣú, kò ní lọ. Bí àwọn mìíràn bá ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà Kùtọnú, kò ní lọ. Bí iná bá kú, gbogbo wọn á dìde, wọ́n á kí ara wọn kú ìrọ́jú, wọ́n á wá bàtà wọn, ó di ọjọ́ ọjà mìíràn nìyẹn.

Nígbà tó kan Adjara, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí Ramanou. Ó kí i kú ìrìn àjò, ó kí i kú òtútù, ó kí i kú àárò ilé, ó kí àwọn tó ń bá a gbé, ó kí àwọn tó ń kọ́ ọ níwèé.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀," ni Chakirath wí.

"Ta ló ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni mò ń sọ?" ni Adjara wí.

Níkẹyìn, wọ́n gé ìkíni kúrò títí ó fi ku ẹyọ kan. Ohun tó lọ sí Líyọ́ọ̀n nìyí: "Ramanou, ìyá rẹ ni. Gbogbo wa kí ọ. Ara bàbá rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Tètè máa bọ̀ nílé. Má jáyà."

Issifou mi orí pé ó dára. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, kò sì sí ibì kan tí wọ́n ti ní òun ló rán an. Ẹ̀rọ han, gbogbo ilé dákẹ́, ó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ ti mú orí lọ́wọ́. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé a kì í fi ikú ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lájò? Bí bàbá ẹni bá kú, wọn kì í ní ó kú. Wọ́n á ní ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá, tètè máa bọ̀ nílé, má jáyà. Issifou fúnra rẹ̀ ti jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Agoua. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó sì mọ èyí tí í ṣe. Ká ní àìsàn lásán ni, ìbá rí i lójú náà pé àìsàn ni. Ẹ̀rọ Chakirath ní gbogbo nǹkan, ojú ni kò ní.

Wọ́n ti rìn jìnnà lọ́nà Bantè kí Adjara tó káwọ́ lérí. "Bàbá Ramanou, kí la ní kí ọmọbìnrin yẹn kọ?"

Issifou tún un sọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń rọ̀. Nígbà tó dé "má jáyà", ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku agbádá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ tó kàwé ni. Àwọn tó kàwé kì í ro irú ìyẹn."

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, èsì ti dé. Chakirath tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó kà á fún wọn, bó ṣe ń kà á ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀.

"Ìyá mi, iṣẹ́ yín dé, ó sì yé mi. Ọlọ́hun á forí jin Bàbá, á fi Alùjánnà kẹ́ wọn. A ti ṣe àdúà fún wọn, a sì ti pa àgbò. Mo sọ fún àwọn ènìyàn pé bàbá mi kò tan oníbàárà jẹ rí, àti pé láti Bantè títí dé ibí, mi ò tíì rí ẹni tó mọ aṣọ gé tó wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò kí wọn fún ọdún méje. Mi ò ní lè wá mọ́ báyìí. Wọ́n á ti sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, ta ni mo fẹ́ wá bá? Ojú Bàbá ni mo fẹ́ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ẹ̀rọ wọn."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì dìde, wọ́n ń kí Adjara kú ọ̀fọ̀. Bàbá kan di ọwọ́ Issifou mú, ó ní, "Ọlọ́hun á tu ẹ̀yin náà nínú. Ẹ̀gbọ́n yín ni?"

"Èmi ni," ni Issifou wí.

Bàbá náà fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Chakirath, ọmọ mi," ni Issifou wí, "tún ibi aṣọ gígé yẹn kà."

Ó tún un kà. Issifou dorí kodò, ó ń gbọ́. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bà jẹ́. Ọdún méje ló fi ń retí kí ọmọ náà bá òun sọ̀rọ̀, ìgbà tó sì wá sọ ọ́, òkú ló ń bá sọ ọ́. Ó sì ní òun kò ní wá bá òkú náà mọ́.

Wọ́n kọ èsì lójú ẹsẹ̀. "Ramanou, bàbá rẹ kò kú o. Ó ń jẹun. Máa bọ̀." Ṣùgbọ́n kí ni à ń sọ fún ọmọ tó ti fura lájò, bí kò ṣe ìyẹn náà? Ramanou dáhùn pé, "Ìyá mi, mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí n banú jẹ́. Ẹ ṣeun." Adjara fi Ọlọ́hun búra pé ọkọ òun jókòó ti òun. Ramanou rò pé ọ̀fọ̀ ti da orí ìyá rẹ̀ rú, ó ní kó má dá sùn o, kí àwọn obìnrin ilé máa sùn tì í. Chakirath ní kó fi nọ́ńbà tẹlifóònù ránṣẹ́. Ramanou ní òun kò ní, ilé ìwé lòun ti ń ka èyí. Ni Chakirath bá fi orúkọ ara rẹ̀ kọ ọ́ ní èdè Faransé pé bàbá rẹ̀ wà níwájú òun gan-an. Ramanou dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ púpọ̀ pé ó ń dúró ti ìyá òun ní irú àkókò yìí.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé Bantè. Alhaji Abdulganiyu tiro wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó wo Issifou láti òkè délẹ̀, ó ní, "Issifou, ẹ kú ewu." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Issifou wo ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi tiro lọ. Adjara ní láti ìgbà tí òun ti fẹ́ ẹ, òun kò rí i kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀rù sì bà á.

Ọjọ́ ọjà Savalou kò tíì pé tí Issifou fi dá lọ fúnra rẹ̀, alùpùpù zẹ́míjàn tó ń gbé èrò ló gùn, orúnkún rẹ̀ ń pariwo ní gbogbo kòtò ọ̀nà. Kò wọ agbádá. Kò bọ́ bàtà. Ó wọlé tọ ẹ̀rọ náà lọ, ó jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá a jìjàkadì.

"Kọ ohun tí mo bá sọ," ló wí fún Chakirath, "má yọ nǹkan kan kúrò."

Ohun tó sọ nìyí: "Ramanou. Issifou ló ń sọ̀rọ̀. Ta ló rán ọ pé kí o pa àgbò? Kí àwọn tó jẹ ẹ́ lọ pọ̀ ọ́. Orí ìyá rẹ kò dàrú, tìrẹ ni mò ń wò. Ẹsẹ̀ òsì ṣòkòtò Alhaji gùn ju ti ọ̀tún lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo tún sọ ọ́ lónìí. Ṣòkòtò lásán o kò mọ̀ ọ́n rán, o wá di ẹni tó ń sin ènìyàn láàyè. Bí ó bá dá ọ lójú pé ó dọ́gba, wá fi hàn mí. Ṣòkòtò náà wà nílẹ̀, èmi náà wà nílẹ̀."

Ọwọ́ Chakirath dúró. "Bàbá, ṣé báyìí la ṣe máa fi í ránṣẹ́?"

"Báyìí ni."

"Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù," ni Chakirath sọ lábẹ́ ẹnu, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Nígbà tó parí, ó ní, "Ṣé kí n fi 'gbogbo wa kí ọ' sí i nísàlẹ̀?"

"Rárá o! Bí o bá fi ìkíni sí i, kò ní gbà pé èmi ni."

Ẹ̀rọ han gooro. Lọ́tẹ̀ yìí, Issifou húkọ́ níbi tó wù ú, kò sì sí ẹni tó bá a wí.

Nígbà tí òun àti Adjara tún padà lọ, Chakirath ti dúró lẹ́nu ọ̀nà de wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èsì náà kò gùn.

"Bàbá. Ṣòkòtò yẹn dọ́gba. Ẹsẹ̀ Alhaji ni kò dọ́gba. Mò ń bọ̀ kí Iléyá tó dé, èmi fúnra mi ni màá wọ̀n ọ́n lójú yín. Ẹ má fi téèpù yín wọ̀n ọ́n o, ó ti fà láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀. Mò ń mú tuntun bọ̀."

Adjara bú sẹ́kún, ó ń sọ "alhamdulilahi" láìdákẹ́. Chakirath náà ń nu ojú. Issifou gba ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n kà, ó wò ó lójú, ó wò ó lẹ́yìn.

"Ẹnu rẹ̀ kò dín kù," ló wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní eruku Savalou ni.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Adjara gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó bá a nídìí àpótí tó ṣí sílẹ̀. Ṣòkòtò Alhaji wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi abẹ tú ìṣẹ́tí ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Kí lẹ ń ṣe sí i?"

"Mo fẹ́ ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè ní ìwọ̀n ìka kan."

"Ṣé kò wá dọ́gba lóòótọ́ ni?"

"Ó dọ́gba."

Adjara dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tí ọmọ yẹn lọ."

"Bàbá Ramanou!" Adjara gbé abọ́ kalẹ̀, kó má baà jábọ́. "Ọdún méje! Ọlọ́hun nìkan ló lè bá mi dá yín lẹ́jọ́. Ọmọ ń bọ̀ wá wọ̀n ọ́n, ó dọ́gba, ẹ wá ń bà á jẹ́?"

Issifou fa òwú yọ, ó wò ó lójú oòrùn.

"Bí ó bá wọ̀n ọ́n tó bá dọ́gba, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn," ló wí. "Kí ni màá tún máa bá a sọ? Á kí mi, á jẹun, á padà lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá dọ́gba, á jókòó. Á yẹ̀ ẹ́ wò, á rí ojú abẹ́rẹ́ tuntun, á mọ̀ pé èmi ni mo ṣẹ́ ẹ. Á bá mi jà dáadáa."

Ó gbé abẹ́rẹ́, ó ń wá ihò rẹ̀, òwú kò wọlé. Adjara wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó fa àga kan, ó jókòó tì í, ó gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá a fi òwú sí i.